Kápẹ́ẹ̀tì Tí Mo Tẹ́ Sórí Yín

Bàámi àtàtà,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó fún yín. Bí n kò bá kà á tán, ọkàn mi kò ní balẹ̀ tí n ó fi lè sọ ìyókù.

Owó tí mo gbà lọ́wọ́ Ẹnjiníà fún iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé: ₦900.
Iyẹ̀pẹ̀ pupa, típà mẹ́ta, ₦45 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦135.
Òkúta wẹ́wẹ́, típà kan: ₦110.
Yanrìn, típà méjì, ₦40 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦80.
Sìmẹ́ǹtì fún etí ibi iṣẹ́ náà yíká, àpò mẹ́rìnlá, ₦9 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦126.
Múfú bíríkìlà, ọjọ́ mẹ́fà, ₦15 lójúmọ́: ₦90.
Lébìrà méjì, ọjọ́ mẹ́fà, ₦8 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦96.
Gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ kápẹ́ẹ̀tì, agolo méjì: ₦44.
Oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́: ₦23.
Agolo mílíìkì mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀ fún ihò bọ́ọ̀lù: ọ̀fẹ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti ṣà wọ́n.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦704. Ó ku ₦196 nínú agolo bisikíìtì. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí. Kò lé, kò sì dín.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ni ọmọ yín fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ típà mẹ́ta ṣe. Bàámi, pápá gọ́ọ̀fù ni mo ṣe. Kì í ṣe odindi pápá o, ibi tí wọ́n ti ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò nìkan ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó yín ń pè ní búráùn nígbà tí ẹ wà ní kíláàbù l'Ékòó. Ti yín, yanrìn àti ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ni ẹ fi ń ṣe é. Tèmi, kápẹ́ẹ̀tì oníke tó dà bí koríko tútù ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Màkún níbí ni mo ṣe é sí.

Ẹ mọ ẹ̀yìnkùlé náà. Ẹ mọ ibi tí kànga wà, ẹ mọ ibi tí ilé ìdáná wà, ẹ sì mọ ibi tí ẹ̀yin fúnra yín wà. Ẹ ní sùúrù fún mi, mò ń bọ̀ wá débẹ̀.

Ẹnjiníà ni ayálégbé wa. Iléeṣẹ́ kan ní Ògìjó ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní èéfín ibẹ̀ kò jẹ́ kí òun mí, ló bá gba yàrá mẹ́rin iwájú. Èmi àti Kẹ́mi kó sí méjì tó wà lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí àjèjì gbé ilé yín, ẹ sọ ọ́ títí ẹ fi lọ. Ṣùgbọ́n òjò èṣí wọ yàrá yín, ó rin bẹ́ẹ̀dì yín gbingbin, ikán sì ti jẹ igi àjà láti apá kan dé apá kejì. Káfíńtà ní páànù àti igi yóò gba ₦1,700. Ẹnjiníà san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ₦70 lóṣù, ₦1,680. Mo fi ₦20 tèmi kún un. Òrùlé kò jò mọ́. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kọ́bọ̀ kan kò bá ọ̀nà ọ̀fun lọ.

Kò pẹ́ tí ó kó dé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, tí ó ń fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀. Gbogbo Sátidé ló máa ń gbá gọ́ọ̀fù l'Ékòó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún, ọ̀nà sì jìn. Ó ti ra kápẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ ní ₦640 lọ́wọ́ ẹnì kan tó kó o wọlé láti ìlú òyìnbó. Àwọn tí yóò bá a tẹ́ ẹ l'Ékòó ní ₦1,400 ni àwọn yóò gbà. Mo wà lẹ́nu obì tí mò ń bó nígbà tí ó ń ráhùn, ni mo bá ní èmi yóò ṣe é ní ₦900.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ẹ̀yin kẹ̀? Obì lẹ̀ ń tà o, Ìyá Kẹ́mi.”

Mo ní bàbá mi ló kọ́ mi. N kò fi ibi tí bàbá mi wà kún un.

Òótọ́ ni mo sọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Nígbà ọlidé tí Ìyá bá rán mi wá bá yín, mo máa ń jókòó sábẹ́ igi, tí n ó máa wò yín bí ẹ ti ń po yanrìn mọ́ ọ́ìlì, tí ẹ ń fi pákó gígùn fà á kó lè jọ. Òórùn ọ́ìlì yẹn kò kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì yín títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ẹ ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lélẹ̀, ẹ ó di ojú kan, ẹ ó máa fi ìkejì wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá dìde, ẹ ó yọ bọ́ọ̀lù funfun kan nínú àpò ṣòkòtò, ẹ ó fi ọwọ́ yí i. Ọwọ́ ni, n kò rí i kí ẹ fi igi gbá a rí. Bó bá ti lọ tààrà, ẹ ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni ẹ sì máa ń gbá ilẹ̀ kí ipasẹ̀ yín má bàa hàn. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn náà ni ẹ ń gbá a nílé níbí, tí àwọn ará àdúgbò ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ fi tún un ṣe fún àwọn ẹlòmíràn. Bàámi, ẹ gbá a rí? Ní ọjọ́ kan tí wọn kò sí nílé, tí ẹnikẹ́ni kò wò yín, ẹ mú igi wọn kí ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan péré? Ó yà mí lẹ́nu pé n kò bi yín. Iye owó oṣù yín ni mo máa ń bi yín.

Ẹnjiníà fẹ́ kó gùn ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, kó fẹ̀ ní méjìdínlógún. Mo ta okùn sápá ọ̀tún, kànga dí mi lọ́nà. Mo ta á sápá òsì, ilé ìdáná dí mi lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ta okùn yẹn, ibi kan ṣoṣo ni ó sì gbà á. Ẹ̀yin wà láàárín rẹ̀.

Ẹ mọ bí a ti fi ibojì yín sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì gbalasa, ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́ta àbọ̀, tí ó fi íǹṣì mẹ́fà ga ju ilẹ̀ lọ. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. A ní bó bá pé ọdún kan a ó fi orúkọ sí i. Ọdún kan pé, owó kò sí. Láti ìgbà náà, orí rẹ̀ la ti ń bó obì, ibẹ̀ la ń sá aṣọ sí, a sì ń kí yín bí a bá ti ń jókòó. Ẹnjiníà kò mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kàn án, ó ní: “Pèpéle ìsáṣọ yìí ńkọ́?”

Mo ní: “Kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́, sà.”

Bí mo ṣe sẹ́ yín nìyẹn, Bàámi. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò ní kí n dá owó ilé òun padà, òrùlé sì ti gbé owó náà mì. Mo wá jókòó, mo ṣírò. A gbọ́dọ̀ fi íǹṣì mẹ́fà gbé gbogbo ilẹ̀ náà ga kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò, íǹṣì mẹ́fà yẹn náà sì ni gíga ibojì yín. Ibi tí ẹ bá gbà, kò ní gba iyẹ̀pẹ̀. Mo ṣírò iye iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní lọ síbẹ̀, mo fi iye típà pín in, ó jẹ́ náírà mẹ́rin. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: èrè, ₦4. Ìwé náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Múfú mọ̀ yín. Ó wà nínú àwọn tó gbẹ́lẹ̀ yín. Nígbà tí ó rí ibi tí mo ta okùn sí, ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyá Kẹ́mi, ṣé orí Bàbá la fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí?”

“Iyẹ̀pẹ̀ ti wà lórí Bàbá tẹ́lẹ̀.”

“Ìyẹn ti Ọlọ́run. Ti Ẹnjiníà lèyí.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó nílò ₦90 náà bí èmi náà ti nílò tèmi, ni ó bá gbé ṣọ́bìrì.

Ẹ ó mọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ náà wà ni gígún. Iyẹ̀pẹ̀ tí a kò bá gún dáadáa yóò rì lọ́jọ́ òjò. Mo mọ̀ ọ́n, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn lébìrà méjèèjì ń gún un bọ̀ látẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú igi wúwo, gìì, gìì, ó ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí wọ́n dé ibi orí yín, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ nínú eyín mi. Mo pariwo. Mo ní kí wọ́n má gún ibẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rọra tẹ̀ ẹ́. Yíká ibojì yín, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, wọn kò gún un.

Múfú mi orí. “Ilẹ̀ tá ò bá gún, òjò á bá wa gún un o.”

Mo ní kó ṣe bí mo ti wí. Ta ni ó máa ń gún ilẹ̀ nídìí òkú bàbá rẹ̀? Mo ti bò yín mọ́lẹ̀ tán kí n tó rántí pé ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún yín.

Oṣù kejì ni a parí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì náà, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lélẹ̀, mo di ojú kan. Mo fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù, ó lọ bí ẹni tó ń tọ ìlà. Ẹnjiníà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní àwọn ará Èkó ì bá ti fọgbọ́n gba owó òun. Inú mi dùn. N kò lè purọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an ní wákàtí yẹn. Ṣé ẹ̀yin náà rí i? Ṣé ẹ mi orí?

Láti ọjọ́ kejì ni n kò ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Kó tó lọ sí Ògìjó láàárọ̀, á gbá bọ́ọ̀lù fún bíi ìdajì wákàtí. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Igi á kan bọ́ọ̀lù, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni agolo mílíìkì á dún. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni bọ́ọ̀lù máa ń gba orí yín kọjá. Ọwọ́ mi á dúró lórí obì. N ó dìde, n ó lọ wo ojú fèrèsé, n ó padà wá jókòó, n ó tún dìde. Kẹ́mi ní ṣé inú ń run mí ni. Mo ka obì igba fún àwọn oníbàárà mi láti Sábó, ó lé mẹ́ta. Mo tún un kà, ó dín mẹ́fà. Ogún ọdún tí mo ti ń ta obì, ẹnikẹ́ni kò tún obì kà lẹ́yìn mi rí. Àlàájì, ọ̀kan nínú wọn, jókòó, ó tún un kà níṣojú mi, ó sì wò mí bí ẹni tí àìsàn ń ṣe.

Ní ọjọ́ ìrántí yín, àbúrò yín, Àǹtí Òfin, wá láti kí yín bí ó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Mo ní ayálégbé ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú ìró mi. Ìyá àgbàlagbà yẹn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ kan pákó rẹ̀. “Bọ̀dá mi, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín o. Mo ti wá o.” Ó sì padà sí Òfin.

Òjò oṣù kẹfà dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rọ̀ láìdá. Ní ọjọ́ kẹrin, Ẹnjiníà gbá bọ́ọ̀lù, agolo kò dún. Ó tún gbá a, kò dún. Mo gbọ́ tí ó ń ṣépè. Ó ní kí n wá.

Bàámi, mo rí yín. Iyẹ̀pẹ̀ tí a kò gún ti rì yíká, ibojì yín kò rì. Ó yọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́ta àbọ̀, bí ẹni tó sùn tó fi aṣọ bora láti orí dé ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ti yí kúrò lára rẹ̀, wọ́n kó jọ sí ibi ẹsẹ̀ yín.

“Pèpéle yẹn ni, Ìyá Kẹ́mi,” ni ó wí. “Kò burú. Ẹ má da ara yín láàmú, màá bójú tó o.”

Mo ní: “Ẹ ṣé, sà.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bó bá di ọ̀la n ó sọ fún un.

Ní ọ̀la rẹ̀, mo gbé igbá obì lọ fún ẹni kan lójú ọ̀nà, n kò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo fi máa padà, àwọn géńdé méjì láti iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú òòlù ńlá. Wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Wọ́n ti gbá yanrìn kúrò lórí sìmẹ́ǹtì yín. Ọ̀kan ti fọ́ igun kan níbi ẹsẹ̀ yín, ó fi itọ́ ra ọwọ́, ó sì tún gbé òòlù sókè. Igbá jábọ́ lọ́wọ́ mi.

“Bàbá mi ni o! Bàbá mi ni!”

Géńdé náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Bàbá dà?”

“Orí rẹ̀ lẹ dúró lé!”

Ó ju òòlù sílẹ̀, ó fò bí ẹni tó tẹ iná. Èkejì sá wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, n bá rẹ́rìn-ín títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹnjiníà sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan kọ́kọ́rọ́ tí mo fi pamọ́ fún Àǹtí. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

“Láti oṣù kejì?”

“Láti oṣù kejì, sà.”

“Èmi tí mo ń ṣépè lé e lórí láàárọ̀ àná.” Ó kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. “Ìyá Kẹ́mi, ká ní ẹ sọ ọ́ ni, fítì méjìlá ì bá tó mi. Ẹ̀gbẹ́ kànga ibẹ̀ yẹn ì bá gbà á.”

Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá péré. N kò bi í. Mo ta okùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ṣírò iyẹ̀pẹ̀ títí dé náírà mẹ́rin, n kò bi ẹni tó ni bọ́ọ̀lù bóyá èyí tó kéré lè tó o.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n òun náà mọ ìṣírò. Ó ní òun kò lè fi ẹsẹ̀ òun kan ibẹ̀ mọ́ láéláé, àti pé ohun tí òun sanwó fún kò sí mọ́. Owó iṣẹ́ ₦900, owó kápẹ́ẹ̀tì ₦640, àpapọ̀ ₦1,540. Ó yọ ₦540 kúrò fún oṣù mẹ́rin tí òun fi gbá a àti ìdajì kápẹ́ẹ̀tì tó ṣì wúlò. Ó ní ẹgbẹ̀rún náírà kan ni kí n dá padà. Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń ná iyọ̀ kọ́bọ̀ méjì. N kò ná ẹgbẹ̀rún náírà yẹn.

Múfú wá lánàá. Kò gba kọ́bọ̀. Ó wa iyẹ̀pẹ̀ kúrò yíká yín, ó sì fi sìmẹ́ǹtì tó kù sílé di igun tó fọ́. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀bẹ obì gé kápẹ́ẹ̀tì náà. Ó le, ó ya mí lọ́wọ́ lójú méjì. Mo wá fi omi àti ọṣẹ fọ̀ yín. Níbi ẹsẹ̀ tí òòlù ti bà, ṣé ó kàn yín? Mo ń bi yín gidi ni.

Mo lọ sí Òfin láàárọ̀ yìí, mo sọ fún Àǹtí. Ó gbọ́ ọ tán, kò bú mi, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ náà wá. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Láti ìsinsìnyí, òun ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún mi bí mo bá fẹ́ lọ sẹ́yìn ilé mi. N kò lè jà á níyàn.

Ẹ̀yìnkùlé ti dákẹ́. Láàárọ̀, ọwọ́ mi ṣì ń dúró lórí obì, tí mò ń retí kí agolo dún. Ṣé ẹ bínú ni? Àbí bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ yí bọ̀ lórí yín kò tilẹ̀ yọ yín lẹ́nu, kó jẹ́ pé irọ́ mi ni kò jẹ́ kí ẹ sinmi? N kò mọ̀, àìmọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n jókòó sójú kan. Bí mo bá mọ̀ pé ẹ bínú, n bá mọ ohun tí n ó ṣe.

Lọ́la ni n ó kó ₦196 fún Ẹnjiníà. Obì tuntun kò tíì pọ́n, owó èyí tí mò ń tà kò sì tó nǹkan. Mo ní kó fún mi láyè di oṣù kejìlá, ó ní òun yóò rò ó. N kò ní gbé páànù yín tà. N kò sì ní fi ohunkóhun bò yín mọ́.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bí ó ti hùwà lọ.

Gbèsè tó kù lọ́rùn mi: ₦804.